Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Salvador, ní Bahia: ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti máa jẹun?

ỌmọHouston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú sí Yorùbá mi. Houston ni wọ́n bí mi sí, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ èdè yìí, inú ìwé ni mo ti kọ́ àmì orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo dé Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbé mi wá, ọdún méjì ni àdéhùn wa. Yàrá kan ni mo gbà ní Rio Vermelho, ibi tí mo ti ń gbọ́ ariwo òkun lóru.

Ọ̀rọ̀ ikùn ni mo bá wá. Láti ìgbà tí mo ti dé, ilé oúnjẹ mẹ́sàn-án ni mo ti wọ̀, bíi mẹ́fà nínú wọn ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ sí Largo de Santana, níbi tí àwọn ìyá aláṣọ funfun ti ń din acarajé. Mo rí ẹ̀wà lílọ̀, mo rí epo pupa tó ń hó, mo rí màmá tó wé gèlè funfun. Mo ní, háà, àkàrà rèé! Màmá yẹn wò mí lójú, ó ní, "Quente?" Nínú ìwé tí mo fi kọ́ èdè Potogí, "quente" ni gbígbóná. Ta ni kì í fẹ́ àkàrà gbígbóná? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí, mo tún mi orí. Ló bá la àkàrà sí méjì bí ìgbà tí èèyàn ń la búrẹ́dì, ó fi ṣíbí bu nǹkan dúdú kan sí i, ó tún bu òmíràn lé e.

Ẹ̀yin ará, ata ni! Ata tí wọ́n din nínú epo títí ó fi dúdú. Mo jẹ ẹ́ tán nítorí ojú àwọn tó tò sẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n omijé ń ṣàn, ikun imú ń ṣàn, omi àgbọn méjì ni mo mu kí ètè mi tó padà sípò. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu fáwọn ọ̀rẹ́ mi ní Houston pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sá fún ata.

Ẹni tó bá mọ ìlú yìí, ẹ gbà mí. Ibo ni kí n ti máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán? Kí ni n kò gbọdọ̀ má jẹ? Owó tíṣà ni mò ń gbà o, ẹ má rán mi lọ síbi táwọn olówó ń lọ.

ÌyáÌbejì_Bahia:
Ọmọ mi, káàbọ̀ o. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi yọjú láti bàlùwẹ̀, ó ní kí ló dé. Gbogbo wa ni "quente" ti mú níbí. Bí alákàrà bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀, ata ló ń bi ọ́, kì í ṣe iná. Ẹni tí kò fẹ́ ata á ní "frio", ìyẹn tútù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé inú epo tó ń hó ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Ìwọ sọ pé "pouca pimenta", ata díẹ̀, wàá sì sùn dáadáa lóru.

Ọdún kọkànlá mi rèé nílùú yìí. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹun gidi, kì í ṣe alẹ́ bíi tiyín ní Amẹ́ríkà. Láti agogo méjìlá sí mẹ́ta, gbogbo búkà ló máa ń kún. Wá ibi tí wọ́n kọ "PF" sí lára pátákó. "Prato feito" nìyẹn, abọ́ tí wọ́n ti bù kalẹ̀: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹja, sàláàdì díẹ̀, àti farofa. Farofa yìí jọ gààrí, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n á wá yan án nínú bọ́tà tàbí epo. Má da omi sí i o! Mo ti rí ọmọ Nàìjíríà kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, tó tún béèrè ṣúgà.

Ọjọ́ Ẹtì ni kó o fi ṣe ọjọ́ rẹ. Wàá rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wọ funfun lọ́jọ́ yẹn nítorí Oxalá, Òrìṣàńlá wa nìyẹn. Ọjọ́ yẹn náà ni oúnjẹ elépo máa ń pọ̀ káàkiri ìlú, títí kan búkà tí kì í fọwọ́ kan epo láti ọjọ́ Ajé: moqueca, vatapá, caruru, adìẹ xinxim, ẹ̀wà olójú dúdú tí wọ́n fi epo sè. Dendê ni wọ́n ń pe epo pupa.

Moqueca ni ọbẹ̀ ẹja tàbí edé tí wọ́n fi omi àgbọn, epo, tòmátì, àlùbọ́sà àti ata ńlá sè nínú ìkòkò amọ̀. Ó máa ń hó wùùwùù títí dé orí tábìlì. Ewé coentro tí wọ́n ń gé sí i lè kọ́kọ́ rùn sí ọ. Fara dà á. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, ìkòkò kan tó èèyàn méjì, iye tí wọ́n kọ sí i sì jẹ́ ti ẹni méjì. Bó o bá dá lọ, bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta ìdajì.

Jagunmólú_Ìbàdàn:
Ẹ má bínú, n kò lè dákẹ́. Àkàrà tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n wá ki ọbẹ̀ ilá àti ata àti edé bọ̀ ọ́ láàárín, ṣé bọ́gà ni? Àkàrà tó ní láárí kì í bẹ olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀kọ tútù, àkàrà gbígbóná, ó parí. Àwọn ará Brazil kàn ti ba nǹkan wa jẹ́ ni, ẹ wá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Sísí_Atlanta:
Kí a tó dé orí ìjà, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé. Èmi nìyẹn. Mo lọ sí Salvador lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo sọ fún alákàrà pé kó má fi edé sí tèmi. Ó ṣa gbogbo edé orí rẹ̀ kúrò lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ dára. N kò mọ̀ pé edé lílọ̀ wà nínú vatapá tí wọ́n ń bù sínú àkàrà náà! Kó tó di pé mo délé ìtura, ètè mi ti wú bíi ti ẹni tí oyin ta. Ilé oògùn ni mo ti parí ìrìn àjò ọjọ́ yẹn.

ÌyáÌbejì_Bahia:
Pẹ̀lẹ́, Sísí. Òótọ́ pọ́nbélé lo sọ. Vatapá ni búrẹ́dì rírẹ tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ omi àgbọn, epo, atalẹ̀, edé gbígbẹ lílọ̀, ẹ̀pà àti kajú. Caruru ni ilá gígé wẹ́wẹ́, òun náà kò yọ edé àti ẹ̀pà sílẹ̀. Abará sì tún burú jù fún irú rẹ, torí inú ẹ̀wà lílọ̀ gan-an ni wọ́n ń po edé mọ́ kí wọ́n tó pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àkàrà fúnra rẹ̀ ni kò ní: ẹ̀wà, àlùbọ́sà, iyọ̀. Ṣùgbọ́n ṣíbí kan náà ló ń wọ gbogbo abọ́, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé pátápátá, kó má dán an wò.

Ẹ̀gbọ́n Jagunmólú, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Lówùúrọ̀ Àbámẹ́ta n'Íbàdàn, kí ni ẹ̀yin fúnra yín ń ki àkàrà bọ̀? Búrẹ́dì Agége ńkọ́? Ta ló ba ti ta jẹ́?

Àwọn obìnrin tó kó àkàrà dé ibí kò rí àyè máa ṣe fáàrí ẹ̀kọ tútù. Ẹrú ni wọ́n. Olówó wọn á ní kí wọ́n gbé igbá jáde lọ tajà, iye kan pàtó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó wálé, ohun tó bá lé ló di tiwọn. Àwọn kan fi owó tó lé yẹn ra ara wọn padà, wọ́n tún ra ọmọ wọn. Igbe tí wọ́n ń ké kiri ló di orúkọ rẹ̀: "àkàrà", "jẹ". Àwọn ará ibí so méjèèjì pọ̀ di acarajé, wọn ò mọ̀ pé "jẹ" kì í ṣe ara orúkọ. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá wà lórí ìlà: gbogbo èèyàn tó ń ra á ni ń ké igbe ìyá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i láìmọ̀.

Ẹ̀kọ tí ẹ sì ń bèèrè, ó wà. Acaçá ni wọ́n ń pè é, ó funfun báláú nínú ewé. Àmọ́ ojúbọ ni ẹ ó ti rí i ju búkà lọ.

Jagunmólú_Ìbàdàn:
Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì Agége yẹn, ẹ mú mi níbẹ̀. Mo gbà díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Tíṣà_SãoPaulo:
Arákùnrin Houston, èmi náà wá láti Amẹ́ríkà kí n tó dé São Paulo, nítorí náà mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́. Ilé oúnjẹ tó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ owó tíṣà ni "comida a quilo", oúnjẹ oníkílò. Gbé abọ́ òfìfo, bu ohun tó wù ọ́ láti orí tábìlì gígùn, gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n abọ́ rẹ ni owó rẹ. Ìrẹsì àti edé, iye kan náà ni kílò wọn, àbí ó ti yé ọ? Má ṣe bíi tèmi tí mo kó ẹ̀wà olómi àti bàrà olómi sí abọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mo sanwó omi. Kọ́kọ́ rìn yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ òfo. Edé àti ẹran yíyan máa ń wà lápá ìparí, nígbà tí abọ́ àwọn aláìmọ̀ bá ti kún.

Wọ́n á fún ọ ní bébà kan tàbí káàdì lẹ́nu ọ̀nà, "comanda" ló ń jẹ́. Gbogbo ohun tó o bá mu tàbí tó o bá jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ẹnu ọ̀nà àbájáde lo ti máa san án. Má sọ ọ́ nù, wàhálà rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Owó agbáwo ńkọ́? Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ bíìlì. Kì í ṣe dandan, àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń san án. Ó tán síbẹ̀.

ỌmọHouston:
Háà, Tíṣà, ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ pàdé! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo san bíìlì kan tí ìdá mẹ́wàá ti wà nínú rẹ̀, n kò rí i. Mo tún ka ìdá ogún sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Texas, mo dìde, mo ń lọ. Agbáwo sáré tẹ̀ lé mi dé ẹ̀gbẹ́ títì, owó mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé mo gbàgbé rẹ̀ ni. Àwa méjèèjì ń jiyàn, n kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ó wá mú ẹyọ owó kan nínú rẹ̀, ó kó ìyókù sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó gbá mi léjìká, ó padà wọlé.

Àmọ́ wọ́n tún rẹ́ mi jẹ níbòmíràn o. Ilé oúnjẹ kan (n kò ní dárúkọ rẹ̀) gbé búrẹ́dì àti ẹyin àparò wá sórí tábìlì kí n tó sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀bùn ni. Ọkùnrin kan sì ń ta gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí bíìlì dé, mo rí owó búrẹ́dì, mo rí owó gìtá!

Tíṣà_SãoPaulo:
"Couvert" ni ti búrẹ́dì, "couvert artístico" ni ti gìtá. Bí wọ́n bá gbé e wá, sọ pé o ò fẹ́. Ti gìtá ni kò sí ọgbọ́n tí wàá dá sí i, àfi kó o ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà kó o tó jókòó.

Ọ̀dọ́_Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀yin àgbà ń bẹ níbí o. Ìbéèrè kan: ṣé òótọ́ ni pé àwọn alákàrà yẹn ní ìwé ìjọba?

ÌyáÌbejì_Bahia:
Ní ọdún 2005, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ogún àṣà ní Brazil, IPHAN, kọ iṣẹ́ àwọn baiana, ìyẹn obìnrin Bahia, tó ń ta acarajé sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ náà ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, kì í ṣe àkàrà nìkan: aṣọ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àtẹ, bí wọ́n ṣe ń lu ẹ̀wà. Nígbà Ife Àgbáyé 2014, òfin FIFA ì bá ti lé wọn jìnnà sí pápá Fonte Nova. Wọ́n pariwo, gbogbo ìlú bá wọn pariwo, wọ́n sì tajà níbẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ajíhìnrere náà ń ta á lónìí láìwọ aṣọ funfun, wọ́n ní "àkàrà Jésù" ni tàwọn, torí oúnjẹ Iansã, ìyẹn Ọya, ni tàwọn tó kù. Àríyànjiyàn ńlá ni, n kò ní bọ́ sí i. Mo ti tọ́ méjèèjì wò, ti Ọya dùn jù. Iyọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sìn.

ỌmọPópóÀgùdà:
Mo ti ń kà yín láti òwúrọ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, bàbá bàbá ìyá mi wà lára àwọn tó ti Bahia padà wálé. Ní ilé wa, bí Good Friday bá dé, frejon ni a ń jẹ. Ẹ̀wà tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a lọ̀, tí a sì pò mọ́ omi àgbọn, ó máa ń dùn bíi mídinmídin, a ó wá fi ọbẹ̀ ẹja ata jẹ ẹ́. Àwọn ará òkè odò máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ló ń fi ṣúgà sí ẹ̀wà. Ìbéèrè mi sí Ìyá Ìbejì: ṣé wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, àbí àwa nìkan ló kù?

ÌyáÌbejì_Bahia:
Wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa. "Feijão de leite", ẹ̀wà olómi àgbọn, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ gan-an ni àsìkò rẹ̀. Mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́ nílé aládùúgbò mi lọ́dún tí mo dé. Mo ní, "Àwọn èèyàn mi l'Ékòó náà ń jẹ èyí." Màmá yẹn fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí n sọ ọ́ fún un pẹ̀lú.

ỌmọPópóÀgùdà:
Mo ti ń sunkún lẹ́nu iṣẹ́ níbí. Ẹ ṣé, Màmá.

ỌmọHouston:
Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Oṣù kan ti kọjá. Mo ti mọ ibi tí mo ti ń jẹ PF báyìí, màmá ibẹ̀ ti mọ̀ mí, ó ń pè mí ní "Texas". Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń jẹ elépo. Mo lọ sí ọjà São Joaquim, mo rí epo nínú ìgò lóríṣiríṣi àti òkìtì edé gbígbẹ tí òórùn rẹ̀ kí mi láti ẹnu ọ̀nà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, àgbà obìnrin, pè mí ní Ọjọ́rú pé kí n wá jẹ amalá ní ilé òrìṣà wọn. Amalá! Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Houston, n kò tíì fi ojú kan òkèlè. N kò jẹun ọ̀sán. Mo fọ ọwọ́ mi dáadáa, mo ń rò ó lọ́nà bóyá gbẹ̀gìrì á wà níbẹ̀.

Wọ́n gbé ọpọ́n onígi kan jáde, gbogbo èèyàn dìde. Mo wo inú rẹ̀. Ilá ni! Ilá gígé, epo, edé, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọpọ́n, mo ń retí òkèlè. Mo rọra bi obìnrin náà pé, "Amalá náà ńkọ́?" Ó nawọ́ sí ilá. Ó ní, "Amalá de Xangô," ti Ṣàngó nìyẹn. Ilá yìí ni wọ́n ń pè ní amalá! Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé nílé wa, ohun dúdú tí a fi èlùbọ́ rò ni, pé ọbẹ̀ ni ilá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbà ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, a ṣì ń retí ìyókù."

Mo jẹ ẹ́. Abọ́ méjì. Wọ́n ti ní kí n padà wá ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, àmọ́ kí n tètè dé kí n bá wọn gé ilá.

Jagunmólú_Ìbàdàn:
Ẹ wò ó, èyí ti wọ̀ mí lára. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún wo ni wọ́n ti ń jẹ ọbẹ̀ láìsí òkèlè? Àbúrò, fi àdírẹ́sì rẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Èlùbọ́ Ṣakí wà nílé.

Tíṣà_SãoPaulo:
Ẹ̀gbọ́n, aṣọ́bodè máa gbà á o. Ìyẹ̀fun dúdú tí kò ní orúkọ lára, ẹ fẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá sí ọmọ ọlọ́mọ ni?

ÌyáÌbejì_Bahia:
Ẹ̀gbọ́n Jagunmólú, ẹ fi èlùbọ́ yín sílẹ̀, tèmi wà ní ilé ìdáná. Ọmọ Houston, ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń se caruru fún Cosme àti Damião níbí, ọjọ́ ìbejì nìyẹn. Àwọn ọmọdé méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù fún kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Tèmi méjèèjì á wà nínú àwọn méje náà. Mú àgbà ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn dání, ó ti retí tó. Èmi á ro àmàlà. Kó o yà ra acarajé mẹ́wàá bọ̀, frio ni ti àwọn ọmọ o.